Ẹ Já Tíkẹ́ẹ̀tì fún Ìyá, Ẹ Bójú tó Ọmọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ojoojúmọ́. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa bí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń san owó jẹ́lé-ó-sinmi fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́, pé láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọmọ tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 30 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún, títí yóò fi tó ilé ìwé lọ. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi: kí òbí tó lè jẹ àǹfààní yìí, ó ní láti fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́, kí owó tó ń wọlé fún un sì tó iye kan. Mo wá bi ara mi pé, bí irú rẹ̀ bá dé Abẹ́òkúta lọ́la, kí ni èmi tí mò ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú yóò fi hàn? N kò ní ọ̀gá, n kò sì ní ìwé owó oṣù. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ní.

Bí a bá ti ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, kì í pẹ́ tí agbowó ọjà yóò fi dé, yóò já tíkẹ́ẹ̀tì, àwa náà yóò sì sanwó. Ìwé pélébé ni, ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wà lára rẹ̀. Nítorí náà ìjọba mọ̀ pé mò ń ṣiṣẹ́. Ó mọ ọjọ́ tí mo wá àti ọjọ́ tí n kò wá, bóyá ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ọkọ mi lọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìwé kan náà tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ìyá di ìwé tí wọn yóò fi máa gba ọmọ rẹ̀ wọlé sí jẹ́lé-ó-sinmi, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò kọ́ sínú ọjà, tí yóò sì máa san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nísinsìnyí. Inú páálí Indomie ni ọmọ mi kejì dàgbà sí. Àárín àwọn ìdì aṣọ ni mo gbé páálí náà sí, mo tẹ́ ìró àlòkù sí i nísàlẹ̀; ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìjókòó, etí páálí náà ni ó sì dì mú nígbà tó kọ́kọ́ dìde dúró. Nígbà tí páálí kò gbà á mọ́, mo máa ń fi ọ̀já so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ó má baà sáré bọ́ sí ọ̀nà ọ̀kadà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan. Ní ọjọ́ kan, mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá mi rẹ aṣọ ní Kẹ́mta. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tó máa ń wà ní àgbàlá aláró: àbẹ́là yíyọ́ lórí iná, omi gbígbóná, àti bàsíà tí wọ́n po kọ́sítíìkì sóódà sí, tó mọ́ gaara bí omi mímu. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n lè ka aṣọ. N kò tíì ka mẹ́wàá tí mo fi gbọ́ igbe. Ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ bàsíà náà. A da omi tútù sí i lórí títí, a gbé e dé ilé ìwòsàn. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ó sì jinná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ tó kéré jù kò nà tán títí di òní. Ọmọ oṣù 16 ni nígbà náà.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Bàbá kan tí a pè wá bá wa sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó, kí ni ìjọba fẹ́ fi ìkókó ṣe? N kò bá òwe jà. Mo kàn ka àwọn ojú náà ni. Ìyá mi tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún ń ta èlùbọ́ ní Láfẹ́nwá, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti ń jáde. Ìyá ọkọ mi wà ní Ayétòrò. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Èkó. Ìyá tí ìsọ̀ wọn kángun sí tèmi a máa bá mi fojú sí ọmọ, Ọlọ́run yóò san án fún wọn, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti dé, àwọn náà ní láti dá a lóhùn. Nígbà tí mo kà á tán, n kò rí ojú kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́.

Jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni wà, mo sì lọ wò wọ́n. Ní àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú ọmọ 14; ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ yìí, òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ kan bójú tó ju ọmọ mẹ́ta lọ bí wọn kò bá tíì pé ọdún méjì. Èkejì dára, ṣùgbọ́n ₦25,000 lóṣù ni wọ́n ń gbà lórí ọmọ kan, láìka oúnjẹ àti Pampers. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń tì. Wọn kì í ṣí ní Sátidé, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni ọjà ń tà jù fún wa. Kì í ṣe ọlọ́jà nìkan ni èyí ń dùn. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìyẹn ₦77,000 tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2024, tó sì ní ọmọ kékeré méjì, ẹ bá mi yọ ₦50,000 kúrò nínú rẹ̀.

Òfin kò gbàgbé abiyamọ, ṣùgbọ́n abiyamọ tó ní ọ̀gá ni ó rántí. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ fún un. Tí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀sẹ̀ 16. Lẹ́yìn èyí, ó di ẹ̀yìn ìyá. Ìjọba tún fi ọdún kan ṣáájú ìwé kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sínú ètò ẹ̀kọ́, ti ọmọ ọdún márùn-ún nìyẹn. Ta ni ó ni àárín méjèèjì?

Ní tèmi, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ín. Ìwé òfin ọdún 1999 gbé ọjà lé wọn lọ́wọ́, ó sì fún wọn ní ipa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó wọn láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Kí Àríwá àti Gúúsù Abẹ́òkúta mú ọjà kọ̀ọ̀kan láti fi bẹ̀rẹ̀: ìsọ̀ mẹ́ta tí a já pọ̀, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilẹ̀kùn tí ọmọ kò lè ṣí, àti àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ, kí ó máa ṣí láti agogo méje àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Sátidé pẹ̀lú. Inú ọjà ni mo ní, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn dókítà ní kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Bí ọmọ bá wà nítòsí, ìyá á sáré lọ fún un lọ́mú, á sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ní Delhi, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1969, ibi tí àwọn obìnrin ti ń ru bíríkì níbi ilé kíkọ́ gan-an ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Meera Mahadevan dá jẹ́lé-ó-sinmi ọmọ wọn sí.

N kò ní kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Nígbà tí Quebec, ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọdún 1997, dọ́là márùn-ún lóòjọ́ ni òbí ń san, ìjọba sì ń gbé ìyókù. Irú èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ìjọba ṣèlérí ọ̀fẹ́, kí owó tó ń mú wá má tó, kí àwọn olùtọ́jú wá máa ti ẹ̀yìn gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ wa. Àwọn òbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń kùn nípa irú rẹ̀.

Owó orí ni àwọn ìyá wa bá ìjọba fà ní ìlú yìí ní ọdún 1947, lábẹ́ ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. N kò pe ẹnikẹ́ni sí ìwọ́de o, n kò sì ní kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí mo ti san láti ìgbà tí mo bí ọmọ yìí wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ tábìlì mi. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá rán ẹnì kan wá, yóò bá mi níbẹ̀, a ó jọ kà wọ́n.

Èmi ni,
Ìyá aládìrẹ kan,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.