Ìwé Tí O Gbàgbé Sábẹ́ Ìrọ̀rí

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Òkun o. Ṣé ara le? Ṣé àǹtí rẹ àti gbogbo ará ilé ní Lọ́kọ́ja wà dáadáa? Àwa náà wà.

Mo rí ìwé ìtàn adẹ́rùbani Fazbear Frights tí o gbàgbé sábẹ́ ìrọ̀rí. Òun ni mo já gbà lọ́wọ́ rẹ nínú ìsinmi, tí mo ní ìwé èṣù ni. Ní ọjọ́ náà, n kò tíì ṣí ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ohun tí mo ṣe yẹn kò dára, má bínú sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ yìí mo jókòó tì í, mo ka ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣàlàyé Five Nights at Freddy's, géèmù tí àwọn ìwé náà ti jáde, fún mi. Ó ní Scott Cawthon, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní 2014. Ẹni tó bá ń gbá a ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé oúnjẹ láti agogo 12 òru títí di 6 àárọ̀. Àwọn ère onírin ń rìn kiri nínú òkùnkùn, ọdẹ ń fi kámẹ́rà wò wọ́n, iná sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Tí iná bá tán pátápátá, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀, àwọn ère náà á sì lè wọlé bá ọdẹ. Mo ronú sí i gan-an. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kàbà níbí, ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni ìyá mi máa ń tẹ́ ẹní síta, tí á ké pé, "Àlọ́ o!" Gbogbo wa á dáhùn pé, "Àlọ̀!"

Àlọ́ rẹ̀ kan jọ ìtàn Sarah inú ìwé rẹ. Ọmọbìnrin kan tí ó ti kọ gbogbo ọkọ rí arẹwà ọkùnrin kan lọ́jà, ó ní òun á bá a lọ. Bí wọ́n ṣe wọ igbó, ọkùnrin náà dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tó yá a lẹ́sẹ̀, ó dá apá padà, ó dá ojú padà, títí tó fi ku agbárí nìkan. Ẹ̀rù bà mí títí mo fi di ìró ìyá mi mú. Ṣùgbọ́n ìró ìyá mi wà níbẹ̀ láti dìmú. Orin wà nínú àlọ́ náà, gbogbo wa là ń gbè é. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á máa béèrè ìdí tí ọmọ náà kò fi sá padà. Kí a tó wọlé sùn, ẹ̀rù náà ti pín sára èèyàn mẹ́jọ.

Ìwọ dá a gbé lábẹ́ aṣọ ìbora, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Sarah fẹ́ rẹwà. Róbọ́ọ̀tì tí ń jẹ́ Eleanor fún un ní ẹ̀gbà ọrùn tí kò gbọdọ̀ bọ́, ó ń kọrin fún un lálaalẹ́ kí ó lè sùn, ó sì ń yí ara Sarah padà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbà náà bọ́ ni Sarah rí i pé pàǹtírí irin ni ara òun ti dà. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí pé o bi mí lọ́nà ọjà bóyá ìpara kan wà tó lè mú ojú rẹ pupa bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ, mo sì ní kí o yé sọ ìsọkúsọ. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún ọ rèé: ìpara ìbóra ń jẹ awọ ara, òmíràn ní mẹ́kúrì nínú tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọ̀ rẹ, àwọ̀ ìyá mi ni. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ lé mi lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́, sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ tún wà. O sọ ìtàn Oswald fún un, bí ehoro aláwọ̀ ìyeyè ṣe gba ipò bàbá rẹ̀ nínú ilé, tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe bàbá òun. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Lálẹ́ Jímọ̀ tí bàbá yín ti Ọbajánà dé, ó sá sẹ́yìn mi, ó ní, "Kì í ṣe Dádì." Bàbá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, kò mọ ohun tí yóò sọ. Mo mọ̀ pé o kò tíì parí ìtàn náà fún un nígbà tí mo pè ọ́ láti wá fọ àwo. Pè é lórí fóònù, kí o sọ fún un pé Oswald rí bàbá rẹ̀ gbà padà.

Mo rí i pé ìtàn kan wà lẹ́yìn ìwé náà tí kò parí, tí ó ń bá a lọ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ìwé 12 ni gbogbo wọn, mo sì mọ̀ pé wàá fẹ́ kà wọ́n tán. N kò ní dá ọ dúró. Kà wọ́n lójú ọ̀sán, má sì fi ìtàn kankan sílẹ̀ síbi tí ẹ̀rù ti pọ̀ jù kí o tó sùn. Ní ti àwọn fídíò tí nǹkan ti máa ń fò yọ lójijì pẹ̀lú ariwo, fi wọ́n sílẹ̀.

Tí o bá ń bọ̀ ní Kérésì, mú ìwé kejì dání. A ó tẹ́ ẹní síta, àbúrò rẹ á jókòó sórí ẹsẹ̀ bàbá yín, ìwọ ni wàá sì kà á fún wa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.