Ẹ̀sùn lórí ìkànnì tuntun yín tí kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ ara mi san owó oṣù

Mókólá,
Ìbàdàn.
3 Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,
Olú ilé-iṣẹ́ báńkì yín, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Èmi ni akápò ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ 43 láti orí ìkànnì báńkì yín. Ojú mi kò ríran. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ẹ̀ka Dùgbẹ̀ ń tọ́ka sí nìyẹn nígbàkigbà tí mo bá gbé ẹjọ́ yìí lọ bá wọn, bí ẹni pé ojú mi ló fa wàhálà. Fún ọdún 6 ni ojú mi kò fi ríran lórí iṣẹ́ yìí, tí owó oṣù sì ń bọ́ sọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ 25 tó lù. Ìkànnì yín lẹ pààrọ̀ ní oṣù Agẹmọ. Èmi ò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ó dá mi lójú pé ẹni tó ṣe ìkànnì yẹn kò tíì jókòó ti irú mi rí. Àrùn glaucoma ló gba ojú mi ní 2011. Ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn aláìríran ní Ọ̀ṣòdì ni mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà lákọ̀tun, lọ́nà tí kò gba ojú. Ètò kan wà tó ń jẹ́ NVDA, òun ló ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí mi létí. Ọ̀fẹ́ ni. Ará Ọsirélíà kan tí òun náà kò ríran, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, torí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́jà nígbà náà wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ aláìríran lọ. N kì í lo máòsì. Tab orí kíbọ́ọ̀dù ni mo máa ń tẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, ibi tí mo bá sì dé, NVDA á dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n orúkọ náà, ẹni tó ṣe ìkànnì ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Bó bá ya àwòrán ọfà tàbí àwòrán owó lásán, tí kò kọ orúkọ sí i lábẹ́nú, NVDA ò ní rí nǹkan kan kà.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Agẹmọ, mo jókòó sídìí iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àbọ̀, mo ki íápíìsì bọ etí, mo tẹ Tab. NVDA ní, "Bọ́tìnì." Mo tún un tẹ̀. "Bọ́tìnì." Ìgbà méje ni mo tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnì méje ni mo bá pàdé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lórúkọ. Lórí ìkànnì àtijọ́, "Gbé fáìlì wọlé" wà níbẹ̀, "Fọwọ́ sí i" wà níbẹ̀, "Jáde" wà níbẹ̀. Mo dán ẹlẹ́ẹ̀kẹta wò, ó lé mi jáde pátápátá. Nígbà tí mo fẹ́ padà wọlé, ìkànnì ní kí n kọ lẹ́tà tó wà nínú àwòrán kan, kí n fi hàn pé ènìyàn ni mí. Kò sí ibi tí mo lè tẹ̀ kó kà á sí mi létí. Ó pẹ́ kí n tó dìde níbẹ̀. Ènìyàn ni mí, ẹ kò sì fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí mo lè gbà fi hàn yín.

Tókìnì tuntun tí ẹ kó fún wa ló wá bà á jẹ́ tán. Tẹ́lẹ̀, orí fóònù mi lẹ máa ń fi nọ́ńbà tí a fi ń fọwọ́ sí owó kó tó lọ ránṣẹ́ sí, fóònù á sì kà á fún mi. Èyí tó wà ńlẹ̀ báyìí kò ju ọmọ ìka lọ, ó ní fèrèsé tóóró kan tí nọ́ńbà ń yọ níbẹ̀, kò sì ní ohùn rárá. Mo pe olùkọ́ ìṣirò wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, pé kó wá bá mi kà á. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Akápò, ẹ gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀." Ó ka mẹ́rin nínú nọ́ńbà mẹ́fà, ó ti yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n jẹ́ kí òun kúkú jókòó. Mo dìde fún un, mo wá dúró sẹ́yìn àga ara mi bí àlejò, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù mi.

Owó oṣù ènìyàn 43 ló wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Kí a tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, olùkọ́ kan tó ti lo ọdún 8 pẹ̀lú wa ti gbọ́ pé ẹni tó dé lọ́dún tó kọjá ń gbowó ju òun lọ. Ìjà dé. Màmá tó ni ilé-ìwé pè mí wọlé, wọ́n béèrè ẹni tó tú àṣírí. N kò lè ti ẹ̀bi náà sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Mo ní èmi ni mo pè é síbẹ̀.

Ìwé àdéhùn tí ẹ ní ká fọwọ́ sí sọ pé n kò gbọ́dọ̀ fi tókìnì han ẹnikẹ́ni, àti pé bí owó bá tibẹ̀ sọnù, ọrùn wa ló máa wà. Ẹ gbé ohun tí n kò lè dá lò fún mi, ẹ sì ní n kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni sí i. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. NVDA lojú tèmi, ẹ̀yin lẹ dí i.

Ní oṣù Ògún, mo san ₦186,000 fún ẹni tó ń gbé epo dísùù wá fún wa. Mo tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ti bá mi mọ̀, n kò gbọ́ ohunkóhun. Mo rò pé kò lọ, mo tún un tẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n sọ fún mi pé àkọlé kékeré kan máa ń yọ lókè ojú ìwé pé owó ti lọ, á sì parẹ́. Ìkànnì kò sọ fún NVDA pé àkọlé náà yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lowó náà lọ. Ọlọ́run ló ṣe é tí ọlọ́kọ̀ dísùù yẹn jẹ́ olóòótọ́, ó dá a padà lẹ́yìn ọjọ́ 9.

Ẹni tó gbé ìpè mi ní ọ́fíìsì yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo dúpẹ́. Ó ní kí n lo áàpù. Mo ṣí áàpù yín lórí fóònù, ó ní ohun kan ń ka ojú fóònù mi, kí n kọ́kọ́ pa á. TalkBack lohun tó ń sọ, ètò tí Google fi sínú fóònù fún irú wa. Mo mọ̀ pé àwọn olè máa ń lo irú ọ̀nà yẹn láti wo àṣírí ènìyàn, n kò bá yín jà lórí ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe áàpù lè ya TalkBack sọ́tọ̀ kúrò lára ètò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí mo bá pa á, fóònù náà kò wúlò fún mi mọ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Nàìjíríà. Mílíọ̀nù kan náírà ni owó ìtanràn tó kọ fún ilé-iṣẹ́ tó bá rú u. Mo mọ̀ pé owó yẹn kéré lójú yín, n kò sì kọ lẹ́tà yìí torí rẹ̀. Ẹ ti ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè fẹsẹ̀ rìn sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka Dùgbẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi tó ń lò ó, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ẹnu ọ̀nà tèmi ni ìkànnì yẹn.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Ẹ kọ orúkọ sára àwọn bọ́tìnì. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ àwòrán lẹ́tà yẹn, tàbí kí ẹ fi ohùn tì í. Kí nọ́ńbà máa bọ̀ lórí fóònù bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ wá tókìnì tó ń sọ̀rọ̀ fún wa, torí irú rẹ̀ wà. Ìkànnì tún máa ń lé mi jáde nígbà tí NVDA ṣì ń ka orúkọ òṣìṣẹ́ sí mi létí. Ìlànà WCAG, ti bí ìkànnì ṣe máa rọrùn fún àwọn àkàndá láti lò, tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà ìkànnì ayélujára, gbé jáde fún gbogbo ayé sọ pé kí ẹ kìlọ̀ fún ènìyàn kí àkókò tó tán, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 20, ó kéré tán, láti tẹ nǹkan kan pé òun ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹ tó tún gbé ohun tuntun jáde, ẹ pe aláìríran méjì sí mẹ́ta kí wọ́n bá yín dán an wò, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ, ẹ gbé NVDA sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ yọ máòsì, ẹ pa iná ojú rẹ̀, kí ẹ wá gbìyànjú láti san ₦1,000 fún ẹnì kan.

Ọjọ́ 25 oṣù yìí bọ́ sí Sátidé, nítorí náà ọjọ́ 24 la máa sanwó. Mo fẹ́ mọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé bóyá tókìnì yín á ti yí padà.

Ẹ̀bẹ̀ kan tó kù ni ti èsì yín. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ ní oṣù Ògún, ẹ dá mi lóhùn, mo rí i gbà lórí í-meèlì. Nígbà tí mo ṣí i, NVDA ní kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà náà sórí ìwé, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ya á ní fọ́tò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. N kò tíì mọ ohun tí ẹ sọ fún mi títí dòní, torí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ báńkì ilé-ìwé kí n tó gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ èsì ti ọ̀tẹ̀ yìí sínú í-meèlì gan-an.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akápò ilé-ìwé.