Ẹ má fi orin ṣẹ̀sín fún wa

Ẹ̀yin Olóòtú,

Mo ka ohun tí akọ̀wé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn sinimá olórin ayé àtijọ́. Ó ní bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìtàn á dúró, kéèyàn kúkú dìde lọ mu omi. Èyí tó pọ̀ nínú wọn rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ka Love Me Tonight mọ́ wọn, ìyẹn ló mú mi mú bírò.

Aránṣọ ni mí, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń rán ṣòkòtò ní Mọ́kọ́lá. Aránṣọ ni Maurice Chevalier náà nínú fíìmù yìí, tí Rouben Mamoulian darí fún Paramount ní 1932. Gbèsè ló gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Páríìsì! Ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan dá aṣọ rẹpẹtẹ, kò san kọ́bọ̀, Maurice sì lọ sin owó rẹ̀ dé ààfin wọn. Kí àṣírí má baà tú, onígbèsè sọ fún àwọn ará ilé pé ìjòyè ńlá ni àlejò òun. Bí ìfẹ́ ṣe wọ àárín Maurice àti ọmọ ọba, tí Jeanette MacDonald ṣe, nìyẹn. Níbi tí mo jókòó sí, mo ti ń ka iye àwọn oníbàárà tó yẹ kí èmi náà lọ ká mọ́lé.

Ẹ wo orin Isn't It Romantic?, tí Richard Rodgers àti Lorenz Hart kọ. Maurice ló dá a ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà rẹ̀ ń kọ ọ́ jáde sí ìgboro, awakọ̀ takisí gbà á lẹ́nu rẹ̀, olórin tó wọ takisí náà kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn sójà gbọ́ ọ, wọ́n fi ń yan. Ẹnìkan tó ń ta gòjé òyìnbó gbọ́ tiwọn, ó gbé e dé àgọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, láti ibẹ̀ ló ti dé etí ọmọ ọba lójú fèrèsé. Àwọn méjèèjì ò tíì rí ara wọn rí o! Ìtàn wo ló dúró níbẹ̀?

Nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ń pariwo débi pé inú yàrá kótópó ni wọ́n ń tì í mọ́, kí makirofóònù má baà gbé ariwo rẹ̀. Òṣèré á wá dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n ń wọ̀n fún aṣọ. Kò ju ọdún mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Mamoulian fi òwúrọ̀ Páríìsì bẹ̀rẹ̀ fíìmù tirẹ̀: díígà ń dún lójú títì, ìgbálẹ̀ ń họ ilẹ̀, ẹnìkan ń hanrun, àwọn aránbàtà ń kan ìṣó. Gbogbo rẹ̀ wọnú ara wọn títí ó fi di ìlù. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi tó ń bá mi wò ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì tẹ̀ lé e, láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Orin kan wà tó dá nǹkan dúró fún mi ṣá. Maurice bẹnu àtẹ́ lu aṣọ ìgẹṣin ọmọ ọba, ó tún un rán, ó sì gún rẹ́gí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló tú u fó. Ni gbogbo ààfin, títí dórí àwọn ìránṣẹ́, bá ń kọrin pé aránṣọ lásánlàsàn ni. Mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́lá yẹn gan-an ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ mo pa tẹlifíṣọ̀n náà fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan.

Ohun kan tí akọ̀wé yín ò sọ rèé. Nígbà tí òfin ìwà ọmọlúàbí le mọ́ sinimá Amẹ́ríkà ní 1934, wọ́n gé fíìmù yìí kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Ibi tí Myrna Loy, òṣèrébìnrin mìíràn nínú fíìmù náà, ti kọ orin Mimi nínú aṣọ àwọ̀sùn bá a lọ, wọn ò sì tíì rí i di báyìí. Tó bá rí ibi tí ìtàn náà ti já, kó bi àlùmọ́gàjí àwọn yẹn léèrè. Kó tún un wò, kó gbé omi rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó jókòó.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.