Ẹ má fi wọ́ọ̀tì ara páálí ra sípíkà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ ká bá àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ sípíkà ilé wọn sọ̀rọ̀. Owó tó ń ṣòfò ní Lágere lórí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá.

"5000W PMPO" (wọ́ọ̀tì 5000, agbára gíga jù tí wọ́n ń pè fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lásán) tí wọ́n kọ gàdàgbà-gàdàgbà sára páálí kì í ṣe agbára tí ẹ máa gbọ́ nílé. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, níbi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ sí. Bó bá jẹ́ 60W ló ń jẹ, níbo ni yóò ti rí 5000 tú jáde? RMS, agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdábọ̀, ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ẹ tún wo ohm, ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Bí wọ́n bá ṣe áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, fún 8 ohm, tí ẹ so sípíkà 8 ohm méjì pọ̀ mọ́ ẹnu kan náà, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, 4 ohm ló di yẹn, iná tó ń gbà kọjá á sì pọ̀ jù. Ẹ̀rọ á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, transistor, ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń gbé agbára jáde, sì lè jó.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í béèrè rárá ni dB: bí ohùn sípíkà ṣe ròkè tó ní mítà 1 tí a bá fún un ní wọ́ọ̀tì 1. Ohun tí sípíkà 86 dB máa fi wọ́ọ̀tì 50 ṣe, èyí tó jẹ́ 89 dB á fi 25 ṣe é. Ẹni tó bá ra ti 89 lè má nílò áńpílífáyà tuntun mọ́.

Ẹ má rò pé agbára tó pọ̀ jù nìkan ló ń jó tùwítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde. Áńpílífáyà kékeré tí a yí dé òpin ń jó o pẹ̀lú. Bí agbára rẹ̀ bá tán, ohùn á máa fọ́, ìfọ́ yẹn ló sì ń sáré lọ bá tùwítà, tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ yí i wálẹ̀ kíá.

Ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ dunjú dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fetí sí ìyáàlù: ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀, àbí "gbì, gbì" lásán ni? Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kò gbọdọ̀ dún ṣáá bí ìgbà tí wọ́n ń da yanrìn. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ fi ìka tẹ fóòmù tó yí wọ́ọ̀fà, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ká. Bó bá ń rún, ó ti jẹrà. Ẹ wá fi ìka méjì rọra ti àárín rẹ̀ wọlé. Bó bá ń ha, ẹ fi sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ fa sípíkà tó wà nílé kúrò ní kọ̀rọ̀ ilé, kó jìnnà sí ògiri tó 50 cm. Kọ̀rọ̀ ilé búlọ́ọ̀kù ló ń mú kí béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, máa ràn gbùù. Kí tùwítà bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba. Ẹ sì yẹ wáyà wò: bí ti apá kan bá forí kodò, pupa mọ́ dúdú, béèsì á pòórá. Ẹ fi bátìrì 1.5V kan ẹnu wáyà wọ́ọ̀fà fìrí, + sí pupa. Ó yẹ kí wọ́ọ̀fà yọ síwájú. Bó bá wọlé, ẹ yí wáyà náà padà.

Àwa atúnrédíòṣe,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.