Ẹ Yé Bu Iyọ̀ Sómi Háídírójìn

Olóòtú,

Ẹni tó ń fi iná oòrùn ya omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn, láti tọ́jú agbára náà di alẹ́, kò gbọdọ̀ bu iyọ̀ ìsebẹ̀ sí i rárá. Gáàsì kiloríìnì ni yóò máa hó jáde lára irin pọ́sítíìfù, ọ̀kan nínú irin méjì tí iná ń gbà wọ inú omi. Ó ń jó ọ̀fun, ó sì lè pani.

Pọ́táṣíọ̀mù háídíróksáìdì, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí iná gba inú omi kọjá, ló yẹ, bíi gíráàmù 30 nínú 100 gíráàmù àpòpọ̀. Ẹ máa rọra da kẹ́míkà sínú omi. Bí ẹ bá da omi lé e lórí, yóò hó, yóò sì ta sójú.

Nickel ni kí irin méjèèjì jẹ́, òun ló ń mú iṣẹ́ yá. Fólítì 1.23 ni ìṣirò sọ pé ó tó láti ya omi, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gbà tó 1.8 sí 2. Ìyókù ń di ooru. Háídírójìn àti ọ́síjìn ò gbọdọ̀ pàdé: ẹ̀ta iná kan, ó ti bú gbàù.