Lens kì í ṣe ìgbèríko Paris

Olóòtú wa,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní London, Peckham ni mo fi ṣe ibùgbé. Àbúrò mi obìnrin ló ya ojú ewé eré ìdárayá yín ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Akọ̀ròyìn yín gba àwọn tó fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Faransé níyànjú pé kí wọ́n má kọjá Paris, ó wá fi Lens ṣe àpẹẹrẹ àwọn ìgbèríko Paris tí kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ lọ wò níbẹ̀. Mo ní kí n dákẹ́, ẹnu ń yún mi.

Lens kì í ṣe ìgbèríko Paris rárá. Apá àríwá ilẹ̀ Faransé ló wà, ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí Paris, ẹnubodè Bẹ́ljíọ̀mù ló sún mọ́. Ẹni tó bá ti London wá bíi tèmi kò tilẹ̀ ní fojú kan Paris. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun ni yóò gbé e dé Lille, yóò fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ kejì, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré, ó di Lens.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ni mo lọ. Arsenal ń lọ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù nínú Champions League, Arsenal ni mo sì ń ṣe láti ìgbà tí Kanu ti dé ibẹ̀ ní 1999. Kanu fúnra rẹ̀ ti gbá góòlù wọlé ní pápá Lens yẹn ní 2000. Mo wọ jẹ́sì tí wọ́n kọ orúkọ Saka, agbábọ́ọ̀lù Arsenal, sí lẹ́yìn. Ìyàwó mi wò mí tòkè tilẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, jẹ́sì náà lẹ máa wọ̀ dé ilẹ̀ Faransé, ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ-ọmọ?" Mo ní Saka ò mọ̀ pé mo ti dàgbà.

Ibùdókọ̀ ojú irin wọn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Wọ́n kọ́ ọ bí ẹ̀rọ rélùwéè ayé àtijọ́: ilé gbọọrọ ni ara ẹ̀rọ, ilé ìṣọ́ tí aago wà lára rẹ̀ ni ihò èéfín. 1927 ni wọ́n parí rẹ̀, torí Ogun Àgbáyé Kìíní ti wó gbogbo ìlú náà palẹ̀. Nínú rẹ̀, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ya àwòrán àwọn awakùsà sára ògiri. Mo tibẹ̀ lọ sí ilé ọnà Louvre, nítorí Louvre tí gbogbo ayé mọ̀ ní Paris ti ní ẹ̀ka sí Lens láti 2012, orí ilẹ̀ tí kòtò èédú wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Mo rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú, mo bá ilẹ̀kùn ní títì pa. Wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀bi tèmi ni, n ò wo ìwé kí n tó gbéra.

Mo bá ń rìn káàkiri. Ilé bíríkì pupa tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú pópó, ọ̀kan ò ga ju èkejì lọ. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń wa èédú ló kọ́ wọn fún òṣìṣẹ́. Lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí òkè dúdú méjì tó ṣóńṣó lórí. Ní tèmi, mo ti ní irú Olúmọ tiwọn nìyẹn. Kì í ṣe òkè. Òkúta àti ẹ̀kù èédú tí wọ́n ń kó jáde látinú kòtò ni wọ́n ń dà jọ lọ́dọọdún títí tó fi ga fíofío. Igi ti ń hù lára wọn báyìí, UNESCO sì ti kọ gbogbo agbègbè náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2012.

Ebi wá dé. Nítòsí pápá ìṣeré, ilé kékeré kan wà tí wọ́n ti ń din ànàmọ́ òyìnbó, èrò tò síwájú rẹ̀ bí ẹni tò sídìí epo. Ọ̀rá màlúù ni wọ́n fi ń dín in, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń jù ú sínú ọ̀rá. Mi ò ní parọ́, ó dùn ju dùndún tí mo ń jẹ ní Dùgbẹ̀ lọ, kí àwọn ọlọ́jà mi má gbọ́. Bàbá arúgbó kan dúró níwájú mi pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Bàbá náà yí mi ká, ó ka ẹ̀yìn jẹ́sì mi, ó bi mí bóyá èmi ni bàbá Saka. A rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ọmọ ilẹ̀ wa ni àwọn òbí rẹ̀, pé orúkọ mẹ́ta ló ń jẹ́, Bùkáyọ̀, Ayọ̀yínká, Tèmídayọ̀, àti pé ayọ̀ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ tán, bàbá náà mi orí, ó fi ìka mẹ́ta hàn mí, ó wá yí ẹ̀yìn tirẹ̀ sí mi: Frankowski ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ Poland ni agbábọ́ọ̀lù yẹn, Lens ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà. Ó ní Poland ni bàbá bàbá òun ti wá ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn láti wa èédú, ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wá bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa wo Frankowski lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó 35,000, pápá rẹ̀ gba èèyàn tó lé ní 38,000. Gbogbo ilé á jókòó tán, tọmọ tàgbà, ààyè á ṣì kù fún àlejò. Bollaert ni wọ́n ń pe pápá náà, orúkọ ọ̀gá iléeṣẹ́ èédú kan ni. Láti 1933 ló ti wà. Àwọn tó máa ń kọrin jù lọ níbẹ̀ kì í jókòó sẹ́yìn ilé góòlù bíi ti ibòmíràn, ẹ̀gbẹ́ pápá gbọọrọ ni wọ́n tò sí, ariwo wọn sì ń gbá wa lójú tààrà.

Gabriel Jesus, agbábọ́ọ̀lù Arsenal, gbá tiwa wọlé ní ìṣẹ́jú 14, a hó gèè. Aṣọ́lé wa, Raya, wá gbá bọ́ọ̀lù fún ẹni tí kò yẹ kó gbá a fún, Thomasson ti Lens sì yí i wọ igun àwọ̀n ní ìṣẹ́jú 25. Ó di ìṣẹ́jú 34, mo rí i tí Saka ń rọra rìn jáde, ó ti fara pa. Èmi tí mo ti ka ayọ̀ mẹ́ta fún bàbá yẹn! Mo jókòó.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ kí abala kejì tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo pápá dìde, wọ́n na aṣọ ọrùn wọn, pupa àti àwọ̀ wúrà, sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin kan. Kì í ṣe orin èébú, kì í ṣe orin a-ó-nà-wọ́n. Orin pẹ̀lẹ́ ni, nípa ilé àwọn awakùsà àti bàbá tó ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọmọ-ọmọ bàbá yẹn ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. 1990 ni wọ́n ti kòtò tó gbẹ̀yìn ní gbogbo agbègbè náà pa. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ọ́ kò bá èédú láyé. Àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ní 1906, ní Courrières nítòsí wọn, iná àti èéfín inú kòtò pa èèyàn 1,099 lọ́jọ́ kan. Orí mi wú. Àwa ará Arsenal náà dákẹ́, bẹ́ẹ̀ a kì í dákẹ́.

Mo ronú kan bàbá mi, tó ń ra kòkó ní Apòmù, tó gbé mi lórí kẹ̀kẹ́ lọ wo IICC, kíláàbù bọ́ọ̀lù Ìbàdàn, kí wọ́n tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976. Owó kòkó ló kọ́ Ilé Kòkó, owó kòkó ló wà nídìí WNDC, àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí kíláàbù wa kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo ti kọrin ní pápá Adamasingba n'Ìbàdàn títí ohùn mi fi há, n ò rántí ẹyọ kan tó dárúkọ kòkó.

Ní ìṣẹ́jú 69, Frankowski fa bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́, Wahi, ẹnì kejì rẹ̀ ní Lens, gbá a sáwọ̀n. Wọ́n nà wá 2-1. Mo mọ̀ pé bàbá kan wà nínú èrò yẹn tó ń wá ojú mi kiri. Nígbà tí a jáde, àwọn tí a ò mọ̀ rí ń bọ̀ wá lọ́wọ́. Ọ̀kan na ọwọ́ sí orúkọ Saka lẹ́yìn mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sáyà bí ẹni ń kẹ́dùn.

Mo sùn sítòsí ibùdókọ̀. Ní Ọjọ́rú mo padà sí Louvre, wọ́n ti ṣí i. Ọ̀fẹ́ ni gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀, gígùn rẹ̀ tó 120 mítà láìsí ògiri láàárín, wọ́n to nǹkan síbẹ̀ bí ọjọ́ orí wọn ṣe tẹ̀ léra. Wákàtí mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ já mi sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ti ìgbèríko Paris yẹn ṣe. Kí ẹ sì fi kún un fún ẹni tó bá fẹ́ lọ pé ilé ọnà náà kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Peckham, London