Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí òfin àti tíọ́rì

Bódìjà, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara rẹ le. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè gbójú fò: o ní àbá lásán ni tíọ́rì, àti pé bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá dán an wò títí tó fi yanjú, ó di òfin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tíọ́rì kì í dàgbà di òfin. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń ṣe: òfin sáyẹ́ǹsì ń sọ bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀, tíọ́rì ń ṣàlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Bí o bá wálé, lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ìkóríta wa, ní èmi ni mo rán ọ, kí o sì yá pọ́ǹpù ọwọ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́. Fi ìka dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí o máa tì í wọlé. Yóò kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí o ṣe ń tì í ni yóò máa le sí i, títí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi fẹ́ ti ìka rẹ dànù. Ohun tí ọwọ́ rẹ gbọ́ yẹn ni ìṣẹ̀lẹ̀, ó sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ní ọdún 1662, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Boyle, gbé òfin rẹ̀ jáde, pé bí ìgbóná gáàsì, bí irú afẹ́fẹ́ inú pọ́ǹpù yẹn, kò bá yí padà, tí a sì fún un mọ́ ìdajì àyè tó wà tẹ́lẹ̀, agbára tó fi ń ti ara ohun tó dé e mọ́ yóò di ìlọ́po méjì. Òfin náà sọ bí yóò ṣe pọ̀ tó. Kò sọ ìdí.

Ìdí pẹ́ kó tó dé. Ní 1738 ni Daniel Bernoulli, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, ṣàlàyé pé èérún tíntìntín tí kì í dúró sójú kan ló wà nínú gáàsì, tí wọ́n ń kọlu ara ohun tó dé wọn mọ́. Bí àyè bá ṣe ń dín kù ni wọ́n ń kọlù ú lemọ́lemọ́ sí i. Tíọ́rì nìyẹn, tíọ́rì náà ni à ń pè é títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni kò sí onímọ̀ físíìsì tó tún ń bá a jiyàn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé bí a bá fún gáàsì mọ́ra jù, òfin Boyle kì í péye mọ́, tíọ́rì ló sì sọ ohun tó fà á. Ní 1873, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ van der Waals fi hàn pé àwọn èérún náà ń gba àyè tiwọn, wọ́n sì ń fa ara wọn mọ́ra. Ó fi èyí tún ìṣirò òfin náà ṣe.

Nítorí náà, bí ìwé rẹ bá dárúkọ òfin kan, kọ ohun tí wọ́n wọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ipò tí nǹkan gbọ́dọ̀ wà kó tó ṣẹ. Bó bá dárúkọ tíọ́rì, kọ àwọn òfin àti ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣàlàyé.

Màmá rẹ kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.